Ibi Tí Aláìsàn Ti Ń Dúró: Ìpolongo fún Ìtọ́jú Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C ní Òṣogbo

Obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Ìgbọ̀nà lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìbímọ fún. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n ní kó jókòó síta. Nígbà tí wọ́n pè é wọlé, ọ̀rọ̀ tó gbọ́ kò ju gbólóhùn méjì lọ: "Ìyá, a ò lè lo ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ ní C." Kò mọ ohun tó ń jẹ́ C. Àbúrò rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀, ó sáré lọ wá ẹlòmíì tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ sílé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ rẹ̀ fi dandan mú un lọ rí dókítà. Dókítà kọ ìwé àyẹ̀wò fún un: iye fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀dọ̀, kíka gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, HIV, àti skáànù ikùn. Ní ilé àyẹ̀wò, wọ́n ní àwọn lè ṣe gbogbo rẹ̀ àfi èyí àkọ́kọ́. Èyí yẹn, wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn tàbí Èkó, owó ẹ̀ á sì kọ́kọ́ wọlé. Ó ka owó tó wà lọ́wọ́, ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi há ìgbàdí ìró. Nígbà tó ń bọ̀ wálé, ó yà lọ́dọ̀ ìyá elewé ọmọ, ó ra àgbo jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀.

Àpẹẹrẹ ni obìnrin yìí. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. A to ìrìn rẹ̀ jọ láti ara ohun tó sábà máa ń bá ẹni tó ní àrùn yìí ní ìlú tó tóbi tó Òṣogbo, kí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ jà fún ìtọ́jú lè rí ibi tí ìrìn náà ti já. Kò já níbi oògùn. Níbi àyẹ̀wò kejì ló ti já, ìpolongo tí kò bá sì dojú kọ ibẹ̀, ariwo lásán ni.

Ìdí nìyí. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un ní bánkì ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe, kì í wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ohun tó ń wá ni àwọn ọmọ ogun ara tó ti bá kòkòrò náà jà rí. Nínú ẹni 100 tí fáírọ́ọ̀sì jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C bá wọ̀ lára, nǹkan bí 30 ni ara wọn máa ń lé e jáde fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, láìlo oògùn kankan. Síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun yẹn sábà máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, kò sí dókítà tó máa fún ènìyàn lóògùn lórí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ nìkan. Àfi tí àyẹ̀wò kejì, èyí tó ń wá fáírọ́ọ̀sì gan-an, bá sọ pé ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo pátákó kékeré tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn dáadáa, torí ó ti dá wàhálà sílẹ̀ rí láàárín àwọn tó wá ṣàyẹ̀wò. Ike funfun pẹlẹbẹ ni, kò gùn ju ìka lọ. Ihò kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ àti omi rẹ̀ sí, fèrèsé tóóró kan sì wà lókè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, wọ́n kọ lẹ́tà méjì: C àti T. Ilà tó bá yọ níwájú C, ohun tó ń sọ ni pé pátákó náà ń ṣiṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ yọ fún gbogbo ènìyàn, àti ẹni tó ní àrùn àti ẹni tí kò ní. Ilà iwájú T ló ń sọ̀rọ̀ nípa àrùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó rí ilà pupa níwájú C, lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ fún un pé jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C ni wọ́n ń wá, ó ti dájọ́ ikú fún ara rẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Torí náà, ẹ máa yí pátákó sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò, ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà ẹni náà àti aago tí ẹ kán ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ẹ má sì kà á ṣáájú tàbí lẹ́yìn àkókò tó wà nínú ìwé tó bá a wá. Pátákó tó ti pẹ́ jù lórí tábìlì lè yọ ilà tí kì í ṣe òótọ́.

Fáírọ́ọ̀sì náà kì í ṣe ohun àjèjì mọ́. Ọdún 1989 ni wọ́n dá a mọ̀, àwọn mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn mú wa mọ̀ ọ́n, Harvey Alter, Michael Houghton àti Charles Rice, sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2020. Ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà ràn. Láàárín tiwa níbí, abẹ gbẹ́rẹ́ tí wọ́n fi sín ju ẹnì kan lọ, abẹ olóólà, irinṣẹ́ onígbàjámọ̀ tí wọn ò fọ̀ dáadáa, abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò lẹ́ẹ̀mejì, àti ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò yẹ̀ wò kí wọ́n tó fà á síni lára ni ọ̀nà tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ fura sí. Jíjẹun pọ̀ nínú àwo kan kì í ràn án, bẹ́ẹ̀ ni dídìmọ́ra ẹni. Ó lè wà lára fún ogún ọdún sí ọgbọ̀n ọdún láìsọ̀rọ̀, kó máa jẹ ẹ̀dọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀dọ̀ á fi le, tàbí kí jẹjẹrẹ wọ̀ ọ́.

Ohun méjì kan wà tí gbogbo ẹni tó máa gbé gbohùngbohùn gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀, torí ọjà ń dà á pọ̀ lójoojúmọ́. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣùgbọ́n oògùn tó máa lé e kúrò pátápátá kò tíì sí. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C kò ní àjẹsára, ṣùgbọ́n ó ní oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá. Ìpolongo tó bá ń kígbe "ẹ wá gba abẹ́rẹ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀" láìsọ èwo, ńṣe ló ń ṣi àwọn tó ní C lọ́nà.

Oògùn náà ńkọ́? Ní December 2013, nígbà tí sofosbuvir, ọ̀kan lára oògùn tó ń wo C sàn, kọ́kọ́ gbàṣẹ ní Amẹ́ríkà, hóró kan jẹ́ $1,000, ọ̀sẹ̀ 12 sì jẹ́ $84,000. Ní 2014, ilé iṣẹ́ tó ni ín fún àwọn aṣoògùn ní Íńdíà láṣẹ láti máa ṣe é fún orílẹ̀-èdè 91, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Àṣẹ ti daclatasvir, oògùn tí wọ́n ń lò pọ̀ mọ́ ọn, tẹ̀ lé e ní 2015. Nígbà tó fi di 2023, iye tí wọ́n kéde fún ìjọba tó bá rà á lápapọ̀ kò tó $60 fún ọ̀sẹ̀ 12, pátákó àyẹ̀wò kan kò sì tó $1. Ìjà àwọn tó ní àrùn náà àti àwọn alátìlẹ́yìn wọn káàkiri ayé wà lára ohun tó fa iye yẹn wálẹ̀. Níjíbítì, wọ́n yẹ nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn wò láàárín oṣù méje, láti 2018 wọ 2019. Nílé níbí, Ìpínlẹ̀ Nasarawa gbé ètò ìfòpinsí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C tirẹ̀ kalẹ̀ ní 2020. Ìpínlẹ̀ lè ṣe é.

Ẹgbẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ní Òṣogbo sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: wọ́n á dúró de July 28, ọjọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ lágbàáyé, wọ́n á tẹ aṣọ, wọ́n á rìn láti Ọláìyá lọ sí Òkè-Fìà pẹ̀lú bánà tó ní "Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn". Ẹnì kan láti ọ́fíìsì á jáde sí wọn, á dúpẹ́, á ya fọ́tò, gbogbo wọn á sì túká. Kì í ṣe pé ọkàn ìjọba le. Kò sí ọ̀gá kankan ní Abere, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, tó lè fọwọ́ sí "ìtọ́jú ọ̀fẹ́", torí kò sí ìlà kan nínú ètò ìṣúná tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n lè fọwọ́ sí ni ohun tó ní orúkọ àti iye.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 rí i pé nínú ẹni 1,000 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64, nǹkan bí 11 ló ní àmì jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C. Tí ẹgbẹ́ bá yẹ ẹni 1,000 wò, ó gba pátákó 1,000. Àwọn 11 tó jáde nílò àyẹ̀wò kejì: kátíríìjì 11, ìyẹn ike kékeré tí wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ sí kí wọ́n tó fi í sínú ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Nǹkan bí mẹ́ta nínú wọn á ti wò sàn fúnra wọn, á ku mẹ́jọ. Àwọn mẹ́jọ yìí á lo oògùn, wọ́n á sì tún padà wá fún àyẹ̀wò ìkẹyìn, ìyẹn kátíríìjì mẹ́jọ mìíràn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 19. Ẹ fi mẹ́ta kún un nítorí èyí tó máa bàjẹ́. Oògùn ẹni mẹ́jọ ní iye 2023 kò tó $480. Pátákó 1,000 ló ń sún mọ́ $1,000. Owó wíwá aláìsàn rí ju owó wíwò ó sàn lọ! Ẹni tó bá gbé ìṣírò yìí síwájú akọ̀wé àgbà kò ní gbọ́ "oògùn yẹn ti wọ́n jù" mọ́.

Ìṣírò yìí tún fi ibi tó yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ hàn wá. Kí ẹgbẹ́ tó ta àgọ́ sí gbàgede, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá bánkì ẹ̀jẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa wá jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà, nítorí náà àwọn tí àmì ti jáde lára wọn ti wà nínú ìwé ibẹ̀. Wọ́n dá wọn padà sílé bí ìyá elélùbọ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ bánkì fúnra wọn ni kó pè wọ́n, kì í ṣe ẹgbẹ́. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn sí ohun tí a kò gbọ́dọ̀ tàn kálẹ̀. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni láti rí i pé ẹni tí wọ́n pè ní ibi tó lè lọ.

Ibi náà ni ẹ̀rọ GeneXpert. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, torí òun ni ilé ìwòsàn ìjọba káàkiri Nàìjíríà fi ń yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò. Ẹ̀rọ kan náà ló ń ka iye fáírọ́ọ̀sì jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C. Kátíríìjì nìkan ló yàtọ̀. Èyí tó ń lo ẹ̀jẹ̀ orí ìka máa ń gbé èsì jáde ní nǹkan bí wákàtí kan. Ẹ̀rọ tó ní ihò mẹ́rin á gba mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ẹni 11 á sì parí ní ìyípo mẹ́ta, ìyẹn òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ bá òṣìṣẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ sọ ọ́ báyìí gan-an, torí ẹ̀rù tó máa ń bà á ni pé ẹ fẹ́ gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ òun. Ẹ tọrọ òwúrọ̀ Friday kan lóṣù. Kí ẹ sì béèrè nípa iná: tí iná bá lọ láàárín ìyípo, tí ínfátà ò sì gbé e, kátíríìjì yẹn ti ṣòfò, ẹ ò lè lò ó mọ́. Ẹ wo ọjọ́ tó máa kú sí lára páálí kí ẹ tó gbà á wọlé. Ẹ má gba ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ olóore tó bá jẹ́ pé oṣù méjì ló kù fún un, nígbà tó jẹ́ pé 22 lẹ máa lò.

Kí ìpàdé kankan tó wáyé, ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan. Ẹni kọ̀ọ̀kan tí àmì jáde lára rẹ̀ ní ìlà kan: nọ́ńbà dípò orúkọ, ọjọ́, ibi tó lọ, àyẹ̀wò tí wọ́n ní kó ṣe, iye tó san, ibi tó dúró sí, àti ìdí tó fi dúró. Nígbà tí ìlà bá pé mẹ́wàá, ẹ máa rí i pé ibi kan náà ni ọ̀pọ̀ dúró sí. Ojú ìwé kan ṣoṣo yẹn lágbára ju bánà lọ, torí kò sẹ́ni tó lè sọ pé àròsọ ni.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà. January ni ọdún ìṣúná ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀ka ìjọba sì máa ń kó ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ jọ láti àárín ọdún. Lẹ́tà tó bá dé lọ́jọ́ ìwọ́de July ti fẹ́ pẹ́ jù; May ló dára. Kó má ju ojú ìwé méjì lọ, kó sì béèrè ohun mẹ́ta péré: ìlà kan fún kátíríìjì àti pátákó nínú ìṣúná ilé iṣẹ́ ìlera, pẹ̀lú iye, kí àyẹ̀wò kejì àti oògùn ọ̀sẹ̀ 12 wọ inú ohun tí adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, O'HIS, ń san, kí dókítà ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Aṣúbíaró sì lè bẹ̀rẹ̀ oògùn fún aláìsàn tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì le, láìdúró de ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀dọ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá. Ohun kẹta yìí bá ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2022 mu. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ìlera ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, kí ẹ sì wà níjòókòó lọ́jọ́ tí kọmíṣọ́nnà bá wá ṣàlàyé ìnáwó rẹ̀.

Wàhálà ibi tí a dé yìí ni pé owó lè wọ inú ìwé kó má jáde. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè, ọjọ́ méje sì ni ọ́fíìsì ní láti dáhùn. Ìbéèrè mẹ́ta tó: èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, èló ló ti jáde, ihò GeneXpert mélòó ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ ní ohùn pẹ̀lẹ́, ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lé.

Àwọn kan á ní ìtọ́jú náà ti le jù fún dókítà tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ ní èsì lọ́wọ́. Sofosbuvir miligíráàmù 400 àti daclatasvir 60, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ 84. Ẹni tó lé ní 95 nínú 100 ló ń wò sàn. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le á lò ó fún ọ̀sẹ̀ 24. Láti mọ ìyàtọ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì tí kò ṣòroó rí ti tó: AST, èròjà kan tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá ń bàjẹ́, àti pílétílẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Tí AST bá jẹ́ 80, tí òpin ohun tó yẹ nílé àyẹ̀wò náà jẹ́ 40, tí pílétílẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ 80, ẹ pín 80 sí 40, ó di 2; ẹ pín 2 sí 80, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, ó di 2.5. Ó ti kọjá 2, ẹ̀dọ̀ yẹn ti ń le. Kó lọ rí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun tí dókítà kò gbọ́dọ̀ fò ni àyẹ̀wò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B kó tó bẹ̀rẹ̀, torí bí C bá ti ń lọ, B tó fara pamọ́ lè jí dìde kó sì ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kó béèrè oògùn tí aláìsàn ń lò pẹ̀lú. Rifampicin ti ikọ́ ẹ̀gbẹ àti oògùn wárápá bíi carbamazepine máa ń sọ oògùn yìí di aláìlágbára. Amiodarone ti ọkàn pẹ̀lú sofosbuvir lè mú kí ọkàn rọra lù dé ibi ewu. Kó béèrè àgbo náà, pẹ̀lú ohùn tí kò ní jẹ́ kí ìyá náà purọ́.

Nígbà tó bá kan ọjà, ẹ kọ́kọ́ lọ kí Ìyálọ́jà. Ọ̀rọ̀ yín á lọ báyìí:

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá wa. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ la fẹ́ ṣe fún àwọn ìyá wa lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ẹni tẹ́ ẹ bá rí i lára rẹ̀ ńkọ́? Ṣé èsì lásán lẹ máa gbé lé wa lọ́wọ́ ká máa wò ó ni?"

Bí kátíríìjì kò bá tíì sí nílẹ̀, èsì kan ṣoṣo ló yẹ yín: "Ìyá, ẹ fún wa láyè, a máa padà wá." Kí ẹ sì padà ní tòótọ́. Àyẹ̀wò tí kò ní ibi tó ń gbéni lọ burú ju àìṣàyẹ̀wò lọ. Ọkọ ti lè lé ìyàwó jáde nítorí ìwé tí kò tíì sọ nǹkan kan, ọ̀gá ti lè ní kí ẹni tó ń se oúnjẹ má wá síṣẹ́ mọ́. Nítorí èyí, inú yàrá tàbí ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni kí wọ́n ti máa sọ èsì, fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kò ní, bí wọ́n ṣe máa pẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ní, kí àwọn tó wà níta má baà fi àkókò mọ èsì.

Ìyá elélùbọ́ wa ti gba òwúrọ̀ Friday rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ó gba oògùn rẹ̀, ó lo hóró ìkẹyìn ní ọjọ́ 84. Kò tíì parí: ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn hóró ìkẹyìn ni wọ́n tó lè sọ pé ó ti san, kátíríìjì kan sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ dè é lọ́jọ́ náà. Bí èsì bá jáde pé kò sí fáírọ́ọ̀sì mọ́, kí dókítà kọ ọ́ sínú ìwé tó ní òǹtẹ̀, kó sì fi kún un pé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ti orí ìka lè ṣì máa yọ ilà níwájú T títí ayé rẹ̀. Ìwé yẹn ló máa fi hàn ní bánkì ẹ̀jẹ̀, àti fún ọkọ rẹ̀, nígbà mìíràn tí ẹnì kan bá tún ní, "Ẹ ní C."